Ẹ̀rọ Agékoríko tí Dáúdà Ará Ṣàrẹ́ Ń Gùn

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó kọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ tèmi fún un yín. N kò ní pẹ́ lórí bí mo ṣe ríṣẹ́ àti iye tí wọ́n ń san fún mi. Ìyẹn ti wọlé, ó ti jáde. Mẹkáníìkì ẹ̀rọ agékoríko ni mí, mówà ni àwa ń pè é. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣe é ní Ọ̀mù-Àrán, kò sì sí pápá ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ọgbà ìjọba kan láti Àrándùn dé Èsìẹ́ tí n kò tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe rí.

Bí ẹ bá dé ilé mi lónìí, èmi nìkan ni ẹ ó bá. Ìyàwó mi ti kú. Àwọn ọmọ wà ní Ìbàdàn àti Àbújá. Ariwo ẹ́ńjìnnì ti pa etí mi débi pé ẹlòmíì á kanlẹ̀kùn títí, á pẹ̀yìn dà, n kò ní mọ̀ pé ẹnì kan wá. Nítorí náà, bí mo bá rojọ́ jù, ẹ má bínú. Ẹni tí kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ló rí ẹ̀yin yìí. Ohun kan sì wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí n tó dákẹ́: ẹnì kan wà tí mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí.

Ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira ni bàbá mi mú mi lọ bá Ọ̀gá Jòsáyà. Àsíá kékeré tí wọ́n pín fún wa ní ilé-ẹ̀kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá wò ó, ó ní, "Fi ìyẹn sílé. Ọwọ́ méjèèjì ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́." Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn o.

Díákónì ni Ọ̀gá Jòsáyà, kì í rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ òyìnbó tó ń la títì ló ti kọ́ṣẹ́. Kẹ̀kẹ́, alùpùpù, ẹ̀rọ ìlọta, gbogbo rẹ̀ là ń tún ṣe nígbà náà, nítorí ẹ̀rọ agékoríko kò tíì tó nǹkan. Àwọn mélòó kan tó wà, ti ìjọ àti ti ilé-ẹ̀kọ́, à ń tì wọ́n lọ́wọ́ ni. Bí nọ́ọ̀tì bá já bọ́ lọ́wọ́ ẹ sínú iyanrìn, ìwọ lo máa fi asẹ́ jọ iyanrìn yẹn títí tí o ó fi rí i, ìbáà di ọjọ́ kejì. Bí o bá fagbára tú bóòtù tó ti dípẹtà, ó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ nìyẹn: "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́!" Á gba sípánà lọ́wọ́ ẹ, á ta epo díẹ̀ sí bóòtù náà, á ní kí o lọ pọnmi wá. Kí o tó dé, bóòtù á ti rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, mo fara dà á.

Òfin kan ló ń tẹnu mọ́ fún wa jù: ọmọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ jókòó sórí nǹkan oníǹkan. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ òfin yẹn. Àgbẹ̀ kan láti Àrándùn gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá. Mo tún ṣéènì rẹ̀ ṣe, ó dùn mọ́ mi nínú, ni mo bá gùn ún, mo fi yí ọjà po. Ibi tí mo ti ń fẹsẹ̀ wà á bọ̀ báyìí, Ọ̀gá rèé lẹ́nu ọ̀nà.

Kò nà mí. Ó bi mí pé, "Ta ló ni àga tí bàbá rẹ ń jókòó sí nílé?"

"Bàbá mi ni, sà."

"Ìwọ máa ń jókòó sí i?"

"Háà! Rárá, sà."

"Kí ló wá gbé ìdí rẹ dórí àga bàbá ẹlòmíì?"

Ó ní kí n fẹsẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ náà lọ sí Àrándùn nínú oòrùn ọ̀sán, kí n dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Mo débẹ̀, mo na gbalaja sílẹ̀. Bàbá náà wò mí, ó ya ẹnu. Ó ní, "Ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé? Kí ló dé tí o kò gùn ún wá?" Ẹ̀rín pa àwọn ìyàwó rẹ̀. Èmi o, ẹkún ni mo sun dé Ọ̀mù-Àrán.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Ọ̀gá tún òfin rẹ̀ sọ fún mi, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́. Ó ní, "Oníǹkan ni yóò gùn ún. Tiwa ni ká dúró tì í, ká fetí gbọ́ ọ." Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ẹsẹ̀ méjì ni òfin náà ní.

Nígbà tó yá, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀, ọgbà pọ̀, àwọn ọ̀gá ńláńlá sì ń fẹ́ kí koríko wọn tẹ́jú. Mo ti gba fíríìdọ̀ọ̀mù, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi lẹ́bàá ọ̀nà Èsìẹ́. Ẹ̀rọ tí à ń tì lọ́wọ́ ń lọ, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì tí à ń fi okùn fà ń bọ̀. Ó fa apá mi yọ tán, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo máa gbọ́, màá ní púlọ́ọ̀gì ni, àbí kábúrétọ̀ ni.

Ìgbà yẹn ni ilé-ẹ̀kọ́ girama kan lágbègbè wa, tí n kò ní dárúkọ, ra ẹ̀rọ agékoríko tí à ń gùn. Ẹ ò rí nǹkan! Táyà mẹ́rin, àga, ọwọ́ ìwakọ̀, kọ́kọ́rọ́ bíi ti mọ́tò. Gbogbo ìlú ló wá wò ó. Wọ́n mú ọkùnrin kan láti Ṣàrẹ́ tó ti wa katakata rí, kó wá máa gùn ún. Dáúdà lorúkọ rẹ̀.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Dáúdà, orín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Nupe ni ìyá rẹ̀, Nupe ló sì fi ń kọrin bó bá wà lórí ẹ̀rọ náà. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló máa ń gbé bíléèdì wá fún mi kí n lọ̀ ọ́, á sì dúró tì mí títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún un yín, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì: ariwo ló kún inú iṣẹ́ yìí, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. O lè ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bi ọ́ pé báwo ni. Dáúdà nìkan ló ń bi mí.

Ó fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn bí ẹni tó fẹ́ ìyàwó tuntun. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, á pọnmi, á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó lè mọ́ kí Jímọ̀ tó dé. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Dáúdà, o ò kúkú gbé e wọ yàrá?" Á ní, "Wàláhì, ìbá gba ẹnu ọ̀nà mi ni!"

Ó wá ku ọ̀la kí wọ́n ṣayẹyẹ ìfúnnilẹ́bùn ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, àlejò ń bọ̀ láti Ìlọrin, ẹ̀rọ yìí kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Dáúdà yí kọ́kọ́rọ́ títí, kò gbin. Koríko ga dé orúnkún níwájú àwọn àlejò. Ojú ti pírínsípà, inú sì bí i gidigidi. Ó ní Dáúdà ló fi omi tó ń dà sí i lára pa á. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé ẹ̀rọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Pírínsípà sọ fún mi níṣojú Dáúdà pé, "Mẹkáníìkì, ẹnu rẹ ni mo ń wò. Bó bá jẹ́ àìsàn tó ń ṣe ẹ̀rọ ni, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ òun ló bà á jẹ́, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́." Ó wá yíjú sí Dáúdà, ó ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà mọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo kọ́kọ́ ṣí bátìrì, mo rí i pé orí rẹ̀ ti hu ìpẹtà funfun. Mo da omi gbígbóná sí i, mo ha á mọ́, mo dè é padà. Ọkàn mi balẹ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, mo na ọwọ́, mo yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́kẹ́ pa.

Mo tú púlọ́ọ̀gì, mo fọ kábúrétọ̀, mo tú ọ̀nà epo láti orí dé ìdí. Mo yí kọ́kọ́rọ́, kò sí nǹkan. Mo fi sùkúrúdíráfà so ẹnu sítátà pọ̀, ẹ́ńjìnnì yí lóòótọ́, ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀gì kò ta iná. Mo ní kọ́ìlì ló kú. Mo lọ sí Ìlọrin, mo ra kọ́ìlì tuntun, mo dè é. Pàbó. Láyé mi, kò sí ẹ̀rọ tó fojú mi gbolẹ̀ tó báyẹn.

Ní ọjọ́ kejì, Dáúdà wá. Abẹ́ ẹ̀rọ ni mo wà. Ó lóṣòó tì mí, ó ní, "Jákọ́bù, jẹ́ kí n kàn gùn ún wò."

Mo ní, "O ò gbọ́ ohun tí ọ̀gá rẹ wí ni? Wọ́n ní kí o má fọwọ́ kàn án."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ó mọ̀ mí."

"Dáúdà, má kó bá mi. Máa lọ sílé."

Ó dúró díẹ̀ sí i. N kò yọ orí jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí tó ń lọ, pẹ̀lú sálúbàtà rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, pírínsípà dé. Ó bi mí pé kí ló ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ mi, "n kò mọ̀" ni ìdáhùn tó yẹ kí n fún un. Ṣùgbọ́n gbogbo agbègbè ló ń pè mí ní ọ̀gá mówà, ẹnu mi kò gbà á. Mo ní, "Iná inú rẹ̀ ló kú, sà."

"Ṣé omi tó ń dà sí i ló fà á?"

Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Ó lè jẹ́ omi náà, sà."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti lé Dáúdà. Kò wá dágbére fún mi. Ọ̀dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ti gbọ́ pé ó ti wọkọ̀ lọ sí Ṣàrẹ́. Sátidé dé, n kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀.

Wọ́n fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún mi pé kí n máa tú u fi ṣe ẹ̀yà. Ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ páànù fún bí oṣù méjì. Lọ́jọ́ kan tí òjò ti rọ̀, mo fẹ́ tú sítátà rẹ̀ fún oníbàárà kan. Mo gbé bátìrì tuntun sí i láti dán an wò. Ilẹ̀ ti di ẹrẹ̀, eegun ẹ̀yìn ń dùn mí, kò sì sí àpótí ìjókòó nítòsí. Mo rò ó pé ẹ̀rọ yìí kò ní oníǹkan mọ́, n kò rú òfin ẹnikẹ́ni. Mo bá jókòó sórí àga rẹ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́.

Ó jí! Ó bú ramúramù lábẹ́ mi! Ìbẹ̀rù mú mi, mo fò sílẹ̀, ó kú. Mo tún jókòó, mo yí i, ó jí. Mo dìde, ó kú. Mo gbé àga náà sókè, mo sì rí súwíìsì kékeré kan lábẹ́ rẹ̀, kò ju àtàǹpàkò lọ, pẹ̀lú wáyà méjì. Àwọn tó ṣe é kò fẹ́ kó máa sá kiri láìsí ènìyàn lórí rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó jókòó síbẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́ láéláé.

Ìpẹtà orí bátìrì ni gbogbo àìsàn rẹ̀, mo sì ti wò ó sàn láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi dúró tì í, tí mo ń na ọwọ́ yí kọ́kọ́rọ́, nítorí pé a kì í jókòó sórí àga oníǹkan. Ẹni tó yẹ kó jókòó wá, ó bẹ̀ mí, mo lé e. Ìdajì òfin Ọ̀gá Jòsáyà ni mo pa mọ́. Mo jókòó nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Ní ọjọ́ kejì mo wọkọ̀ lọ sí Ṣàrẹ́. Oko ni mo ti bá Dáúdà, ó ń ro ebè. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú oko náà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, n kò fi ọ̀kan pa mọ́.

Ó fi ọkọ́ tilẹ̀. Ó ní, "Dìde, Jákọ́bù. Èmi mọ̀ pé n kò bà á jẹ́. Èmi kọ́ ló yẹ kí o sọ ọ́ fún." Ó wá sọ fún mi pé awakọ̀ kan ti gbé ìròyìn náà dé Ṣàrẹ́ ṣáájú òun. Abẹ̀rọjẹ́ ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọdé ń fi kọrin. Ẹni tó fẹ́ gbà á láti wa katakata gbọ́ orúkọ yẹn, ó ní kó máa lọ. Ó ní, "Wá ní Jímọ̀. Bí wọ́n bá kírun tán, dìde dúró níwájú mọ́ṣáláṣí, kí o sọ ohun tí o sọ fún mi yìí. Ìyẹn tó mi."

Mo ní, "Màá wá."

"Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí?"

"Ọlọ́run gbọ́, màá wá."

Mo kọ́kọ́ lọ sọ fún pírínsípà, mo rò pé yóò gbà á padà. Ó fetí sí mi dópin. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa sọ kiri pé mo lé aláìṣẹ̀ ni? Bí o bá sọ ọ̀rọ̀ yìí jáde, má tẹ ọgbà mi mọ́." Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ló gbé ṣọ́ọ̀bù mi ró. Ìyàwó mi sì wà nínú oyún. Jímọ̀ dé, n kò lọ. Mo ní ó di èyí tó ń bọ̀. Ìyẹn náà kọjá. Nígbà tó yá, mo ní wọn á ti gbàgbé. Ojo ni mí, ẹ jẹ́ kí n pè é lórúkọ tó ń jẹ́.

Mo ṣiṣẹ́ dọ́jọ́ ogbó. Mo kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́, mo sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, kí wọ́n kọ́kọ́ bi ẹni tó ń gùn ún. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Wọn kò mọ ìdí tí mo fi ń pariwo rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lóde òní, èyí tí à ń fi kọ́ èjìká ni wọ́n fi ń gékoríko, bó bá bàjẹ́ wọ́n á ra òmíràn. Kò sẹ́ni tó ń pe mẹkáníìkì. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo wọlé jókòó, kò sì sí ohun tó ń bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé náà bí kò ṣe Dáúdà.

Lọ́dún tó kọjá, mo ní kí n tó kú, ẹ jẹ́ kí n lọ. Ọjọ́bọ̀ ni mo dé Ṣàrẹ́. Mo bèèrè ilé rẹ̀. Ìyá arúgbó kan jáde sí mi, Mẹmunátù, ìyàwó rẹ̀. Dáúdà ti kú láti ọdún mẹ́ta.

Nígbà tí mo dárúkọ ara mi, ìyá náà wò mí títí. Ó ní, "Ẹ̀yin ni Jákọ́bù?"

"Èmi ni."

"Gbogbo Jímọ̀ ló máa ń lọ jókòó sí ibi tí mọ́tò ti ń já èrò sílẹ̀. Ó ṣe é tó ọdún kan. Ó ní ẹ̀yin lòun ń retí. Bó bá padà délé, n kì í bi í."

Wọ́n fún mi ní oúnjẹ, mo sùn sílé wọn, oorun kò kùn mí. Ní ọjọ́ kejì, ìmáàmù gbà mí láyè. Nígbà tí wọ́n kírun tán, mo dìde dúró níwájú mọ́ṣáláṣí, èmi arúgbó onígbàgbọ́, mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Mo ní Dáúdà tí ẹ pè ní Abẹ̀rọjẹ́ kò ba ẹ̀rọ kankan jẹ́. Mo ní èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn.

Àwọn ọ̀dọ́ ń wo ara wọn. Wọn kò mọ ohun tí mo ń wí. Bàbá kan tó fọ̀pá tilẹ̀ nìkan ló sún mọ́ mi, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Orúkọ yẹn ti kú nílùú yìí, alàgbà. Àwa tó mọ̀ ọ́n kò ju mẹ́ta lọ mọ́. Ẹ̀yin lẹ tún jí i yìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn ju ọ̀kọ̀ lọ. Mo dágbére fún Mẹmunátù, mo gun ọ̀kadà lọ síbi tí mọ́tò wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé mi ti wà ní mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló dúró sí, kò gbọ́ mi dáadáa. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ta ni wọ́n ń pè ní Abẹ̀rọjẹ́ gan-an?"

Mo ní, "Èmi ni."